Ẹ Kọ Ohun tí Ojú Yín Rí

  

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tí gbogbo yín mọ̀. Nígbà tí ìyá Mósè kò lè fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ mọ́, ó tẹ́ ẹ sínú apẹ̀rẹ̀ tí ó fi ọ̀dà rẹ́, ó sì gbé e sáàárín koríko etí odò. Arábìnrin ọmọ náà kò sá lọ sílé. Ó dúró lókèèrè, ó ń wò. Nígbà tí ọmọbìnrin Fáráò dé, ohun tí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ni ó jẹ́ kí ó mọ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ ní sísọ. Ẹ fi í sọ́kàn. Èmi náà ti dúró láàárín koríko odò rí, ṣùgbọ́n n kò ṣe bí tirẹ̀.

Ọmọ ọdún 13 ni mí nígbà náà. Ilé ẹ̀kọ́ wa kó wa lọ sí ilẹ̀ àbàtà kan lẹ́bàá odò Lea, ní London níbí, láti ṣe ìwádìí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Kí a tó wọ inú ẹrẹ̀, olùkọ́ wa ṣàlàyé fún wa pé àbàtà kì í ṣe ilẹ̀ àsán. Bí òjò bá rọ̀ jù, a máa gba omi sára bíi kànìnkànìn, kí àgbàrá má baà ya wọ ilé àwọn ènìyàn. Koríko rẹ̀ a sì máa dá ìdọ̀tí dúró kí omi tó ṣàn lọ. Wọ́n fi ẹyẹ kékeré kan hàn wá tí ń kọrin láàárín koríko. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí gíráàmù 12 lọ. Síbẹ̀, bí ìgbà òtútù bá ń bọ̀, yóò jẹ kòkòrò títí ìwọ̀n náà yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, yóò sì fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà lọ sí Áfíríkà. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ẹyẹ yìí mọ ọ̀nà ilé àwọn òbí mi jù mí lọ.

A pín wa sí ẹgbẹ́ márùn-ún, ọmọ mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, a sì fún olúkúlùkù ní ibi tirẹ̀ létí omi. Iṣẹ́ wa ni kí a ti àwọ̀n bọ omi, kí a da ohun tí ó bá kó sínú àwo funfun, kí a fi awò tí ń mú ohun kékeré tóbi wò ó, kí a kà á, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni akọ̀wé. Àwọn ẹgbẹ́ yòókù ń hó ìhó ayọ̀: wọ́n rí ìgbín omi, wọ́n rí eṣúṣú, wọ́n rí ọmọ lámilámi tí kò tíì hu ìyẹ́. Àwa ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti àwọ̀n bọ omi, ohun pupa tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta péré, bí ekòló wẹ́wẹ́, ni a rí.

Ojú tì wá. Mo yọjú wo ìwé àwọn tí ó wà nítòsí wa, mo sì kọ ọ́ pé a rí ìgbín 8 àti ọmọ lámilámi 5. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rí mi, wọ́n dákẹ́. Olùkọ́ gba ìwé náà, wọ́n sì yìn wá.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyá mi gbé oúnjẹ síwájú mi, wọ́n sì bi mí léèrè ohun tí mo rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ìgbín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há mi lọ́fun. Mo jẹ́wọ́. Wọn kò nà mí, wọn kò sì bú mi. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ṣé o fẹ́ wà lára àwọn tí ń ta èké ni?”

Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá olùkọ́, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni àwọ̀ àwọn ohun tí a rí. Mo ní pupa ni. Wọ́n dìde lórí ìjókòó. Wọ́n ṣàlàyé pé ọmọ kòkòrò kan tí ó jọ ẹ̀fọn ni wọ́n, àti pé ohun tí ó mú kí ẹ̀jẹ̀ wa pọ́n ni ó mú kí àwọn náà pọ́n. Ó ń bá wọn di ọ́síjìn mú, nítorí náà wọ́n lè gbé inú omi tí kò ní afẹ́fẹ́ tó. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn nìkan ni ó kù níbì kan, a jẹ́ pé omi ibẹ̀ ń ṣàìsàn.

A padà lọ síbẹ̀. Lókè ibi tí a dúró sí, páìpù kan wà lábẹ́ koríko, omi ọṣẹ ń hó jáde lẹ́nu rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ìlú yìí, páìpù omi òjò ń lọ tààrà sínú odò, omi ìdọ̀tí sì ní páìpù tirẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì so ẹ̀rọ ìfọṣọ mọ́ ti omi òjò, inú odò ni ọṣẹ rẹ̀ ń dà sí. Olùkọ́ wa fi ọ̀rọ̀ náà tó àwọn tí ó yẹ létí. Ní ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọn kò fi bá mi sọ̀rọ̀, nítorí pé a fagi lé ìwé wa, a sì ní láti tún un kọ.

Ẹ̀yin ọmọ, bí n kò bá jẹ́wọ́ ni, ìgbín mẹ́jọ tí kò sí rárá ì bá ti bo páìpù náà mọ́lẹ̀. Ohun kékeré tí ojú ń tì mí láti kọ ni ìròyìn tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ní gbogbo àbàtà náà. Òfin Ọlọ́run kọ̀ fún wa láti jẹ́rìí èké. Kì í ṣe ní kóòtù nìkan ni èyí wà fún. Ó wà fún ìwé iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí mẹ́ta, ẹ kọ mẹ́ta. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò rí nǹkan kan. Bí ẹ bá sì ti kọ irọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣú kí ẹ tó tún un ṣe.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Kí Olúwa fún yín ní ojú tí ń ríran, àti ẹnu tí kì í yí ohun tí ojú rí padà. Àmín.