Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò Kí A Tó Wọ Yunifásítì

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan ọmọ tí ó ń wá àyè ní yunifásítì, ó sì kan òbí rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ilé wa níhìn-ín, ìdánwò ni ó sábà ń pinnu ẹni tí yóò wọlé. Àjọ JAMB, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1978, a máa fún ọmọ ní ìbéèrè, máàkì rẹ̀ a sì gbẹnu sọ fún un. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń wá àyè ní òkè òkun a máa bá ohun mìíràn pàdé: kí a mú ọmọ jókòó, kí a máa fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ọmọ a sì máa bi ara rẹ̀ pé, “Bí n kò bá ṣe dáradára níbẹ̀, ṣé ó ti tán fún mi nìyẹn?”

Èsì mi ni pé kí ó kọ́kọ́ wo ẹni tí ó ń béèrè.

Ní Oxford, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùkọ́ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń béèrè, àwọn náà ni wọ́n sì ń yan ẹni tí wọn yóò kọ́. Oṣù Kejìlá ni wọ́n ń ṣe é. Láti 2020 ni wọ́n ti ń ṣe é lórí kọ̀ǹpútà, tí ọmọ lè jókòó sí Ìbàdàn kí ó máa bá wọn sọ̀rọ̀. Nǹkan bí 10,000 ọmọ ni wọ́n ń pè lọ́dọọdún, sí àyè tí kò ju nǹkan bí 3,300 lọ. Níbẹ̀, ìdáhùn ẹnu ṣe pàtàkì púpọ̀. Síbẹ̀, nínú ọmọ mẹ́ta tí wọ́n bá pè, bí méjì ni kò ní rí àyè.

Ti Harvard, ní Amẹ́ríkà, yàtọ̀. Àwọn tí wọ́n ti kàwé jáde níbẹ̀ ni wọ́n ń yọ̀ǹda ara wọn láti bá ọmọ sọ̀rọ̀. Àwọn kọ́ ni wọ́n ń pinnu. Wọn a kọ ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́, ìwé náà a sì di ọ̀kan láàárín ọ̀pọ̀ ìwé. Bí wọn kò bá rí ẹni tí yóò bá ọmọ kan sọ̀rọ̀, wọn kì í kà á sí i lọ́rùn. Ní 2023, àwọn tí wọ́n béèrè àyè níbẹ̀ lé ní 50,000. Àwọn tí wọ́n gbà kò pé 2,000.

Wàyí o, báwo ni a ti í múra? Àwọn ọmọ kan a máa kọ́ ìdáhùn sórí. Ìyẹn kò ṣe ìrànlọ́wọ́, nítorí bí ọmọ ti ń ronú ni olùkọ́ fẹ́ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ata ṣe àpẹẹrẹ. Bí wọ́n bá bi ọmọ pé, “Kí ló dé tí ata fi ń pọ́n, tí ó sì tún ń ta ni lẹ́nu?” kí ó má ṣe dákẹ́ nítorí pé kò kà á nínú ìwé. Kí ó wí pé, “Pípọ́n ń pe ẹni tí yóò jẹ ẹ́, títa ń lé ẹni tí kò yẹ kí ó jẹ ẹ́. Ta ni ata ń pè? Ta ni ó ń lé?” Bí ó bá rántí pé ẹyẹ a máa ṣa ata jẹ láìbìkítà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ibẹ̀ nìyẹn: ata kì í ta ẹyẹ lẹ́nu, ẹyẹ ni ó sì ń gbé kóró rẹ̀ kiri. Bí ó bá ṣì í, tí a tọ́ ọ sọ́nà, tí ó gba ẹ̀kọ́ náà tí ó sì tẹ̀ síwájú, inú olùkọ́ yóò dùn sí i.

Ẹ̀yin òbí, ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn yín. A kọ́ àwọn ọmọ wa pé kí wọ́n má ṣe wo àgbà lójú, kí wọ́n má sì ja àgbà níyàn. Ẹ̀kọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n àjèjì tí ó ń béèrè lè rò pé àìmọ̀kan ni ìtẹríba náà. Ọmọ lè wo àgbà lójú láìrí i fín. Ẹ máa bi í ní ìdí ọ̀rọ̀ nílé. Ẹ jẹ́ kí ó dáhùn, kódà kí ó fi ọ̀wọ̀ ta kò yín. Kì í ṣe ọjọ́ tí ebi ń pa ni ni à ń gbin iṣu.

Ẹ̀yin ọmọ, bí ẹ bá dáhùn dáradára tí wọn kò sì gbà yín, ẹ má ṣe rò pé orí yín kò pé. Èrò pọ̀, àyè kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti mọ bí a ti í ro ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu níwájú ẹlòmíràn, kò sí yunifásítì tí ó wọ̀ tí kò ní wúlò fún un.