Bí A Ó Ti Dá Ẹni Tí Ó Ná Ọjà Wa Ní Owó Pọ́ọ́kú Lóhùn

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹ̀ka France Road, Sabon Gari, Kano

Ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ọjà títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá lórí àwọn tí ń fi owó pọ́ọ́kú lọ̀ wá. Ọ̀rọ̀ náà ti ń dá ìjà sílẹ̀ ní àdúgbò wa. Ẹlòmíràn ti bú ọmọ ọlọ́mọ lórí fóònù, ẹlòmíràn sì ti ta ohun ìní rẹ̀ tán kí ó tó mọ̀ pé òun ti fi ṣọrẹ.

Kí a tó lọ jìnnà, ohun méjì wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń dà pọ̀, gbàǹjo àti ọjà níná. Níbi gbàǹjo, tí àwọn Hausa onílé wa ń pè ní gwanjo, olùrà ni ó ń bá olùrà du ọjà. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pe owó kékeré kò pa wá lára, nítorí pé ẹlòmíràn yóò gorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi ọjà níná, olùrà kan dojú kọ olùtà kan, kò sì sí ẹni tí yóò gbé owó náà ga bí kò ṣe àwa fúnra wa.

Ilé gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni eBay, tí Pierre Omidyar dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1995. Ohun àkọ́kọ́ tí ó tà níbẹ̀ ni iná léésà kékeré kan tí a fi ń tọ́ka sí ara ògiri, ó sì ti bàjẹ́. Dọ́là 14 àti sẹ́ǹtì 83 ni ó gbà lórí rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ olùrà bóyá ó mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́ mọ́; ìyẹn ní òun mọ̀, pé irú èyí tí ó ti bàjẹ́ gan-an ni òun ń kó jọ. Ẹni tí ó mọ iyì wúrà ni à ń tà á fún. Àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ wa náà bẹ̀rẹ̀ gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2017. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe lórí Jiji tàbí Facebook, ọjà níná ni. Ẹni tí ó bá kọ owó kékeré síbẹ̀ ní ìrètí pé àwọn ènìyàn yóò máa fi kún un, olùrà kan ni yóò rí, owó kékeré náà ni yóò sì gbà.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe gbàǹjo tòótọ́ lórí WhatsApp, ẹ jẹ́ kí iye tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ jẹ́ iye tí ẹ lè gbà láìsunkún. Ẹ sọ wákàtí tí yóò parí. Ẹni tí ó bá gba ẹ̀yìn wá pé kí ẹ pa gbàǹjo dé kí òun san owó kan báyìí, ẹ ní kí ó lọ pe owó rẹ̀ ní gbangba bí àwọn yòókù.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọjà níná. Ẹ wo àwọn Hausa ní ọjà Kurmi tàbí ní Kantin Kwari. Bí a bá pe owó tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn kì í bínú. Wọn a ní, “Albarka,” ìbùkún ni wọ́n fi ń sọ pé àwọn kò tà. Ilẹ̀kùn kò sì tì, nítorí pé olùrà lè fi kún un títí wọn yóò fi ní, “Na sallama.” Àwọn ìyá wa pẹ̀lú a máa ní, “Ẹ fi kún un, kò tíì tó owó tí a rà á.” Kí ni ó wá dé tí a fi ń bú ènìyàn lórí fóònù? A rò pé nítorí pé a kò rí ojú ara wa ni. Ọmọ tí ó kọ “Last?” láìkí ènìyàn lè jẹ́ ẹni tí yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ó bá pàdé wa ní ojú títì.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó pe owó kékeré ni ó fẹ́ rẹ́ wa jẹ. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé ìdajì, dọ́là kan kò tó náírà 480 ní báńkì. Nígbà tí 2024 fi parí, ó ti lé ní 1,500. Ẹni tí ó ra fíríìjì kẹ́yìn ní 2021, owó 2021 ni ó ṣì wà lórí ahọ́n rẹ̀. Àwa olùtà náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀: a ó wo iye tí a rà á, a ó yọ díẹ̀ kúrò nítorí ògbó, a kò ní rántí pé tuntun rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́ta. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé fóònù síta, ẹ rìn dé Farm Centre lọ béèrè. Kí ẹ tó gbé ohun ilé síta, ẹ béèrè nínú ọjà Sabon Gari.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí. Ká sọ pé ẹ ní 100,000 náírà, ẹnìkan ní 40,000. Ẹ̀yin ní kí ẹ pàdé ní àárín, ó di 70,000. Bí ó bá jẹ́ 60,000 ni ó kọ́kọ́ pè, àárín ìbá jẹ́ 80,000. Ìyẹn ni pé ẹ san ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà fún un nítorí pé ó pe owó tí kò nítìjú. Ẹ má ṣe pàdé ẹnikẹ́ni ní àárín. Bí ẹ bá fẹ́ sún, ẹ sún díẹ̀, kí ẹ sì dúró kí òun náà sún. Iye tí ẹ kò ní lọ sísàlẹ̀ rẹ̀, ẹ ti kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹni àkọ́kọ́ tó pè. eBay gan-an gba olùtà láàyè láti fi irú iye bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀rọ máa kọ ohun tí ó bá kéré sí i láìjẹ́ pé ó dé etí wa.

Ìkánjú ni ó ń pa wá jù. Ẹ̀yin àgbà rántí 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ ní oṣù kọkànlá pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ará wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí ta ọjà wọn ní iyekíye tí olùrà bá pè. Àwọn yẹn kò ní ọ̀nà mìíràn. Ṣùgbọ́n ní ọ̀gbẹlẹ̀ tí ó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa fẹ́ padà sí ilé pátápátá, kò sì sí ẹni tí ó lé e. Ó ti san owó ọkọ̀ kí ó tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síta ní 180,000 náírà. Ó bú ẹni tí ó kọ́kọ́ ní 110,000. Ní ọjọ́ kẹta, ọkọ̀ ń fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà, ó ta á ní 75,000.

Ẹ kíyè sí i pẹ̀lú pé ẹni tí ó ń yọ owó ṣì ń rò ó láti san. Ẹni tí ó ní òun yóò san gbogbo rẹ̀ láìwò, tí ó sì ní òun ti fi ránṣẹ́, òun ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí pé ayédèrú àlátì ti pọ̀. Ẹ wo àkáǹtì yín fúnra yín kí ẹrù tó kúrò nílẹ̀.

Àbá tí ìgbìmọ̀ gbé wá ni pé kí ẹni tí ó bá ń lọ sílé fi orúkọ ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ní oṣù mẹ́ta ṣáájú, kí a bá a polówó rẹ̀. Bí ọjọ́ bá sì kù díẹ̀ tí ẹrù kò tíì tà ní owó gidi, kí ẹ̀ka gbà á pamọ́, kí a yá a ní owó ọkọ̀, kí a máa tà á lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn kan ti ń kùn pé àpò ẹgbẹ́ kò gba irú èyí. Akápò wà níhìn-ín pẹ̀lú ìwé ìṣirò. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.