Asmau Ọmọ Abubakri: Ìyá Tí Ó Ru Ẹrù Oko

  

Bí a bá dárúkọ Asmau ọmọ Abubakri, ìrìn Hijira ọdún 622 ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn, nígbà tí ó fa ọ̀já ìbàdí rẹ̀ ya sí méjì láti fi di oúnjẹ Ànábì àti ti bàbá rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní Ọlọ́jàá Méjì. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọjọ́ kan ni èyí. Àwọn onítàn sọ pé ó lò tó 100 ọdún láyé, iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ oko ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀ ìgbé ayé rẹ̀ ní Mẹ̀dínà.

Nígbà tí Zubairu fẹ́ ẹ, kò ní owó, kò ní ẹrú. Kò ní ju ẹṣin kan àti ràkúnmí tí a fi ń fa omi lọ. Asmau ni ó ń bọ́ ẹṣin, òun ni ó ń pọn omi, òun ni ó ń rán àpò awọ tí a fi ń fa omi, òun ni ó sì ń po ìyẹ̀fun. Kò mọ búrẹ́dì í ṣe dáadáa. Àwọn obìnrin Ansari, aládùúgbò rẹ̀, ni wọ́n ń bá a ṣe é. Láti orí ilẹ̀ tí Ànábì fún Zubairu ni ó ti ń ru kóró dàbínù wálé, ọ̀nà tí ó ju kìlómítà 3 lọ.

Ní ọjọ́ kan, Ànábì pàdé rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù lórí. Ó mú ràkúnmí rẹ̀ kúnlẹ̀ kí ó lè gbé e. Ojú ti Asmau láti bá àwọn ọkùnrin rìn, ó sì rántí owú ọkọ rẹ̀. Ànábì rí i pé ojú ń tì í, ó sì kọjá lọ. Nígbà tí Zubairu gbọ́, ó ní ẹrù tí ìyàwó òun rù ni ó dun òun ju pé kí ó bá Ànábì gun ràkúnmí lọ. Nígbà tí ó yá, Abubakri fi ìránṣẹ́ kan ránṣẹ́ sí i láti máa tọ́jú ẹṣin náà. Asmau ní ńṣe ni ó dà bí ẹni pé wọ́n tú òun sílẹ̀ lóko ẹrú.

Ẹ fi ọkàn sí i. Ànábì kò wo ẹlẹ́rù níran. Ìrànlọ́wọ́ ni ó fi lọ̀ ọ́. Ọkọ tí ẹrù ń wọ ìyàwó rẹ̀ lọ́rùn, tí kò ṣe ju pé kí ó máa wàásù sùúrù fún un lọ, kò tíì tẹ̀lé Sunna.

Ọrùn tí ó ru ẹrù yìí kò tẹ̀ nígbà ogbó. Ní ọdún 692, nígbà tí ọmọ-ogun Hajjaj dó ti Mẹ́kà, ojú Asmau ti fọ́. Abdullahi ọmọ rẹ̀ wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti sá lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá náà sọ fún un pé bí ó bá mọ̀ pé orí òtítọ́ ni òun wà, kí ó má ṣe yẹsẹ̀. Wọ́n pa Abdullahi. Asmau sọ òtítọ́ lójú Hajjaj, kò sì pẹ́ tí òun náà fi kú. Urwa, ọmọ rẹ̀ mìíràn, di ọ̀kan nínú àwọn àgbà onímọ̀ Mẹ̀dínà.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, irú ìyá báyìí pọ̀ ní àwọn abúlé ilẹ̀ Yorùbá: ìyá tí ó ru ẹ̀gẹ́ láti oko, tí ó yan gàrí, tí ó ta epo, tí ó fi owó rẹ̀ rán ọmọ nílé-ìwé. Ọmọ náà dé ìlú ńlá tán, ó ń tijú ìyá rẹ̀. Òmíràn tilẹ̀ ní òun kò ní bẹ ìyá òun wò mọ́, nítorí pé kì í ṣe Mùsùlùmí. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé bá Asmau rí. Ìyá rẹ̀, tí ó ṣì jẹ́ ọ̀ṣẹbọ, wá kí i ní Mẹ̀dínà. Asmau bi Ànábì bóyá kí òun ṣe dáadáa sí i. Ànábì sì ní kí ó má ṣe já okùn ìbí. Ta ni yóò wá sọ pé ẹ̀sìn òun le ju èyí lọ?

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹni tí ìyá rẹ̀ wà láyé, kí ó lọ wò ó kí oṣù yìí tó parí, kí ó sì sọ ẹrù tí ó bá lórí rẹ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti kú sínú Islam, kí ó tọrọ àforíjìn fún un, kí ó sì ṣe sàráà nítorí rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun kẹ́ Asmau, kí Ó sì fi ọmọ rere san ẹ̀san fún gbogbo ìyá tí ó jìyà ọmọ. Àmín.