Ìlù Ajido ní Ìlú New York: Àjọbí àti Àjọgbé ní Àdúgbò Harlem

  

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí bẹ̀rẹ̀ ní Ajido, ìlú Ègùn tí ó wà létí ọ̀sà ní agbègbè Àgbádárìgì, ó sì gba New York kọjá. Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ó pa ìlú apẹja pọ̀ mọ́ ìlú tí iye ènìyàn inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́jọ ní 1960. Ìlù ni. Ìbéèrè tí a óò sì tipasẹ̀ ìlù náà yẹ̀ wò ni èyí: bí àwọn tí a kò bí pọ̀, tí wọn kò jọ sọ èdè kan náà, bá ń gbé ojúlé kan, kí ni ń sọ wọ́n di ará ilé ara wọn?

Ìbátan Méjì

Ní 1927 ni a bí Babatunde Olatunji ní Ajido. Ó lọ sí Baptist Academy ní Èkó. Ní 1950 ó rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Rotary, òun àti ìbátan rẹ̀, Akinsola Akiwowo, sì jọ lọ sí Morehouse College ní Atlanta. Nígbà tí Olatunji jáde níbẹ̀ ní 1954, ó kọjá sí New York University láti kọ́ nípa ìṣàkóso ìlú. Ìlù tí ó ń lù láti fi gbọ́ bùkátà ara rẹ̀ ni ó wá di iṣẹ́ rẹ̀.

Akiwowo ní tirẹ̀ di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí a sọ di Obafemi Awolowo University ní 1987. Ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí Yunifásítì náà tẹ̀ jáde ní 1983 dá lé ọ̀rọ̀ méjì tí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni wa: àjọbí àti àjọgbé. Mo yá ọ̀rọ̀ méjèèjì lò lónìí, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣì í lò, ọrùn mi ni kí ẹ fi kọ́. Àjọbí ni okùn ẹ̀jẹ̀. Àjọgbé ni ohun tí ń so àwọn tí ibùgbé pa pọ̀.

Ojúlé ní Harlem

Harlem wà ní apá òkè erékùṣù Manhattan. Láàárín 1910 sí 1970, bíi mílíọ̀nù mẹ́fà aláwọ̀ dúdú ni wọ́n fi gúúsù Amẹ́ríkà sílẹ̀ nítorí ìyà òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà àti ìṣẹ́, tí wọ́n sì lọ sí ìlú ńláńlá. Púpọ̀ nínú wọn bọ́ sí Harlem. Àwọn ará Jàmáíkà, Barbados àti Puerto Rico náà wá síbẹ̀.

Ilé wọn kì í ṣe agbo ilé bí tiwa. Ilé alájà ni, ọ̀kan fara ti èkejì láìsí àlàfo, ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì wà lórí àjà kọ̀ọ̀kan. A kì í fi orúkọ baálé pe ilé, nọ́ńbà ni. Òpópónà pàápàá, nọ́ńbà ni èyí tí ó pọ̀ jù ń jẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́, òṣìṣẹ́ a sọ̀ kalẹ̀ lọ wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, èyí tí ìlú náà ti ń lò láti 1904. Nínú ọkọ̀ yìí, ènìyàn méjì lè fèjìká kan èjìká fún odindi wákàtí kan láìkí ara wọn. Ẹni tí ó dàgbà níbi tí a ti ń kí ẹni tí ń jẹun, tí a ń kí ẹni tí ń ṣiṣẹ́, tí a ń kí ẹni tí ó jókòó, yóò rò pé ìjà wà láàárín wọn. Kò síjà. Ìlú náà ni ó tóbi ju kíkí lọ.

Àmọ́ kí a má ṣe wí pé wọn kò ní àjọṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ àsìkò ooru, àtẹ̀gùn iwájú ilé ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Àgbà a jókòó sí i, ọmọdé a máa ṣeré nísàlẹ̀ rẹ̀, ìròyìn àdúgbò a sì gba ibẹ̀ kọjá. Ṣọ́ọ̀ṣì a kún ní ọjọ́ Ìsinmi. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ a di ibi àpérò. Ní òpópónà 125 ni Apollo Theater wà, tí ó ti ń gba òǹwòran aláwọ̀ dúdú láti 1934. Níbẹ̀, àwọn òǹwòran ni wọ́n ń dájọ́ akọrin tuntun lójú ẹsẹ̀, yálà pẹ̀lú àtẹ́wọ́ tàbí pẹ̀lú ariwo ẹ̀gàn.

Ohun kan ni ó ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ wọn: ìlù ìran wọn. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú ní Stono, ní South Carolina, ní 1739, òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 1740 ka ìlù léèwọ̀ fún ẹrú. Àwọn olówó ẹrú mọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Àgbádárìgì wà lára àwọn èbúté tí a ti kó ènìyàn ní ẹrú sọdá òkun. Nígbà tí ọmọ Ajido wá gbé ìlù dé Harlem, ohun tí a ti gbà lọ́wọ́ wọn ni ó dá padà fún wọn.

Ilé Ìlù

Ní 1960, ilé-iṣẹ́ Columbia gbé àwo Olatunji jáde, Drums of Passion. Chief Bey, Montego Joe àti Taiwo DuVall wà lára àwọn tí wọ́n bá a lùlù. Kò sí ọmọ Yorùbá nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, Jàmáíkà ni wọ́n sì ti bí Montego Joe. Library of Congress ti fi àwo náà kún àwọn ohùn tí ó yàn ní 2004 pé orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ní 1967, Olatunji ṣí ilé àṣà Áfíríkà sí ojúlé 43 ní ìlà-oòrùn òpópónà 125. Wọ́n ń kọ́ni ní ìlù àti ijó níbẹ̀. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún náà, John Coltrane, ìlú-mọ̀-ọ́n-ká onífèrè, wá ṣeré níbẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 17 oṣù Keje. Ohùn eré náà sì jáde ní àwo ní 2001. Ilé yìí kò sí mọ́. Olatunji fúnra rẹ̀ kú ní California ní 2003.

Kí ni ilé ìlù ṣe tí ilé alájà kò lè ṣe? Ẹ wo bí a ti ń lùlù. Omele a di ìró kan mú, kò ní yẹ̀; ìyá ìlù a wá máa fọhùn lórí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń lu tirẹ̀ láìfetí sí ti ẹnìkejì, ìlù dàrú. Nítorí náà, ẹni tí kò mọ orúkọ aládùúgbò rẹ̀ ní òwúrọ̀ ti fetí sí ọwọ́ rẹ̀ kí alẹ́ tó lẹ́. Èrò mi ni pé ibùgbé nìkan kì í bí àjọgbé. Ohun tí a jọ ń ṣe, tí a kò lè dá ṣe, ni ó ń bí i.

Ìlù Di Ariwo

Nítòsí ojúlé 43 yìí ni ọgbà kan wà tí a fi orúkọ Marcus Garvey pè láti 1973. Láti 1969 ni àwọn onílù, ọmọ Áfíríkà, ọmọ Karíbíánì àti ọmọ Amẹ́ríkà, ti ń péjọ níbẹ̀ ní Sátidé nígbà ooru. Nígbà tí ó yá, owó ilé gun òkè ní Harlem, àwọn olówó sì ń kó wọlé, tí púpọ̀ wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun. Nígbà tí yóò fi di 2008, àwọn tí ń gbé ilé tuntun kan létí ọgbà náà ti fẹjọ́ ìlù sùn pé ariwo ni. Wọ́n ṣí àwọn onílù nípò lọ sí ibòmíràn nínú ọgbà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo. Ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ dé ní ẹ̀tọ́ sí oorun. Ẹni tí ó sì ti ń lùlù níbì kan fún nǹkan bí ogójì ọdún kì í ṣe ẹni à ń lé bí ewúrẹ́. Ìró tí ó sọ àwọn kan di ará ilé ara wọn ni ó di ariwo létí àwọn mìíràn. Ìlù kò yí padà. Àjọṣe ni kò sí. Ògiri nìkan ni ó pa wọ́n pọ̀.

Ìparí

Ó lè dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni mo ń sọ. Rárá o. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023, ọkọ̀ ojú irin Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2. Ìlànà rẹ̀ ni pé yóò dé Okokomaiko, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Èkó ń bọ̀ wá bá Ajido. Ajido ni a sì mọ̀ mọ́ Zangbeto, ọdẹ òru àwọn Ègùn. Bí onílé bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lóru, ọkàn rẹ̀ a balẹ̀ pé a ń ṣọ́ òun. Kí ni àlejò tí ó ra ilẹ̀ lánàá, tí kò mọ ohun tí ohùn náà ń wí, yóò pè é? Ìjọba Èkó ti ń ti ilé ìjọsìn àti ilé ijó pa nítorí ariwo. Òfin tí ó dára ni, ṣùgbọ́n òfin kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ariwo àti ìkìlọ̀ àyàfi bí a bá sọ fún un.

Àmọ̀ràn mi kò ju méjì lọ. Kí ilé-ẹ̀kọ́ agbègbè Àgbádárìgì kọ́ ọmọ onílé àti ọmọ àlejò pa pọ̀ ní ìlù àti èdè Ègùn. Kí àwọn tí ń ta ilẹ̀ sì máa sọ fún olùrà, kí ó tó sanwó, irú ìlú tí ó ń bọ̀ wá gbé. Àwọn baba wa wí pé àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Èmi náà wí pé àjọgbé kò ní dùn bí ó bá jẹ́ pé apá kan ni ó ń lùlù, tí apá kejì kàn ń gbọ́ ariwo.