Bí a bá Pààrọ̀ Kèké inú Kọ̀ǹpútà

 

Gbogbo wa la mọ kèké. A ń ṣẹ́ ẹ láti mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ kó àjọ. Kọ̀ǹpútà náà ń ṣẹ́ kèké, ṣùgbọ́n ìṣirò ni tirẹ̀. Ẹ fún un ní nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀, yóò máa da nọ́ńbà mìíràn sílẹ̀ bí ẹni pé kò mọ ibi tó ń lọ. Ẹ tún fún un ní nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ yẹn lọ́la, èsì kan náà ni. Inú láíbìrì, àkójọ iṣẹ́ tí àwọn ètò kọ̀ǹpútà jọ ń yá lò, ni kèké yìí sábà máa ń wà.

Ẹ jẹ́ ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Maiduguri fi í yan 200 ilé tí yóò bẹ̀ wò ní Gwange àti Bolori. Ó kọ nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ sínú iṣẹ́ rẹ̀, kí olùkọ́ lè tún un ṣẹ́, kó rí i pé kì í ṣe ilé ọ̀rẹ́ ló yàn. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ kèké kí olùkọ́ tó dé ibẹ̀, ilé mìíràn ni yóò jáde. Ọmọ aláìṣẹ̀ á wá dà bí òpùrọ́!

Irú ìpààrọ̀ bẹ́ẹ̀ wáyé nínú R, ètò tí àwọn oníṣirò ń lò kárí ayé. Ọ̀nà tó ń gbà yan nǹkan tẹ́lẹ̀ ń ṣe ojúsàájú díẹ̀ bí ohun tí a fẹ́ yàn nínú rẹ̀ bá pọ̀ gan-an. R 3.6.0 tún un ṣe ní 2019. Ṣùgbọ́n wọn kò ju ti àtijọ́ nù. Ẹni tó bá kọ RNGversion("3.5.0") ṣáájú nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò rí èsì àtijọ́ gbà, pẹ̀lú ìkìlọ̀. Èmi fẹ́ràn èyí.

Àwọn OpenBSD le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlànà èdè C ṣèlérí pé nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ kan náà yóò mú èsì kan náà wá. Ní 2014 wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yẹ àdéhùn yìí: rand inú láíbìrì wọn kò ka nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ sí mọ́, àyàfi bí a bá pe srand_deterministic. Ìdí wà níbẹ̀. Bí a bá fi irú kèké bẹ́ẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ àṣírí, olè tó mọ nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀ ti mọ gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá sọ mudu Monday Market di ńlá lóru, òǹrajà á yọ̀, àmọ́ ẹni tó ti gba owó ọjà sílẹ̀ ńkọ́?

Nítorí náà, ẹ sọ fún àwọn ọmọ wa kí wọ́n kọ orúkọ ètò àti nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú àkọsílẹ̀ ilé tí kèké yàn gan-an.  Mo ti ṣe tán láti gba ìbéèrè.