Lẹ́tà Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́rin Láti Crusher

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sórí rédíò lọ́sẹ̀ yìí, lẹ́tà ni ó bí i. Ìyá kan tí ń gbé ní àdúgbò Crusher, ní ìlú Lọ́kọ́jà, ni ó kọ ọ́ sí wa. Ó ti fún wa láyè láti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, bí a kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ mẹ́rin ni Olúwa fi ta ìyá yìí lọ́rẹ. Àkọ́bí jẹ́ ọkùnrin, ọmọ ọdún 13. Èyí tí ó tẹ̀lé e jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún 11. Ọkùnrin ni ẹ̀kẹta, ọmọ ọdún 8. Àbíkẹ́yìn, tí í ṣe obìnrin, ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 5 ni. Iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ni ó gbé wọn kúrò ní Ìbàdàn lọ sí Mìnnà, òun náà ni ó sì tún gbé wọn láti Mìnnà wá sí Lọ́kọ́jà kí ọdún mẹ́ta tó pé. Àárín táàmù ni ìṣílọ méjèèjì bọ́ sí. Nígbà tí ó di ẹlẹ́ẹ̀kejì, tọkọtaya náà pinnu pé kàkà kí àwọn ọmọ wọ ilé-ìwé tí ó ṣeé ṣe kí wọ́n tún fi sílẹ̀, àwọn yóò máa kọ́ wọn nínú ilé fún ọdún kan. Ìyá ti ṣe iṣẹ́ tíṣà rí, nítorí náà ẹ̀rù kò bà á.

Ó lọ sí ọjà, ó ra ìwé fún olúkúlùkù gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí rẹ̀: ìwé JSS 2 fún àkọ́bí, ti kíláàsì kẹfà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún èkejì, ti kíláàsì kẹta fún ẹ̀kẹta, àti ti jélé-ó-sinmi fún àbíkẹ́yìn. Ìwé tí ó kó wálé lé ní 25. Ó kọ àkókò iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sára ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kí oṣù kan tó pé, ilé ti dàrú. Ẹ gbọ́ ohun tí ó kọ: “Bàbá wa, bí mo bá dúró ti ẹ̀gbọ́n, àbúrò a fi ṣọ́ọ̀kì kun ògiri. Bí mo bá dúró ti àbúrò, ọbẹ̀ a jóná. Àkọ́bí mi sì ń sọ ní àràárọ̀ pé inú ń run òun, nígbà tí ó bá ti kan ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ti fún un ní oògùn aràn lẹ́ẹ̀mejì.”

A kò ní fi pamọ́ fún yín pé èsì àkọ́kọ́ tí a kọ sí i kò dára. A ní kí ó fi ọwọ́ líle mú ọmọ náà, kí ó má sì yẹ ètò tí ó wà lára ògiri, nítorí pé ọmọ ọdún 13 tí ń sá fún ìwé, ọ̀lẹ ni. Èsì ẹni tí kò tíì dé ibẹ̀ ni.

Nígbà tí ó yá, iṣẹ́ mú wa gba Lọ́kọ́jà kọjá, a sì yà sí Crusher, àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ ń rán ni létí ẹ̀rọ tí ń fọ́ òkúta. Ìyá ní kí àkọ́bí kàwé fún wa. Ó kà á geere, odindi ojú ewé kan, ohùn rẹ̀ sì dùn ún gbọ́. Inú wa dùn débi pé a ṣí ojú ewé mìíràn tí wọn kò tíì dé, a ní kí ó ka ìlà mẹ́ta sí i. Ó dákẹ́. A tún ní kí ó máa kà. Àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 8 na ọrùn láti ẹ̀yìn àga, ó sì ka ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìkọsẹ̀. Àkọ́bí dìde, ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kò sì wọlé mọ́ títí a fi lọ.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ó tú àṣírí náà kí a tó wọ ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n a máa bẹ òun pé kí òun ka ojú ewé ti ọjọ́ kejì fún un lálẹ́, òun a kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n a sì há a sórí. Láti Ìbàdàn ni wọ́n ti ń ṣe é. Ilé-ìwé méjì ni ọmọ yìí ti kọjá, ọdọọdún ni wọ́n sì ń gbé e lọ sí kíláàsì tí ó kàn. Ìyá rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀. Àwa pẹ̀lú ń rántí èsì tí a kọ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ kíláàsì yìí dáadáa. Ìlànà ìjọba wa ni pé kí ọmọ wọ kíláàsì kìíní ní ọdún 6, kí ó lo ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 3 ní girama kékeré, àti 3 ní girama àgbà. Ètò tí ó yẹ ilé-ìwé ni. Tíṣà tí ó ní 40 ọmọ níwájú kò lè fi owúrọ̀ kan wádìí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dé, nítorí náà ọjọ́ orí ni a fi ń tò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ní ọmọ mẹ́rin lè wádìí. Kí ni yóò fi òǹkà tí a ṣe nítorí ogójì ọmọ di ara rẹ̀ lọ́wọ́ sí? Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, apá keje Òfin Ẹ̀kọ́ ti ọdún 1996, tí ó fún òbí láyè láti kọ́ ọmọ ní ilé-ìwé tàbí lọ́nà mìíràn, sọ pé ẹ̀kọ́ náà gbọ́dọ̀ bá ọjọ́ orí ọmọ mu, kí ó bá agbára rẹ̀ mu, kí ó sì bá ẹ̀bùn rẹ̀ mu. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dá wà.

Ọ̀nà láti wádìí kò le. Ní ilẹ̀ Íńdíà, àjọ kan tí ń jẹ́ Pratham, tí a dá sílẹ̀ láàrin àwọn ọdún 1990, rí i pé ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó ti wà ní kíláàsì òkè kò lè ka ìwé ti kíláàsì kejì. Bébà kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò láti wádìí: lẹ́tà díẹ̀ wà lórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ìpínrọ̀ kúkúrú, lẹ́yìn náà ìtàn. Ibi tí ọmọ bá kà dé ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n á sì kó àwọn tí ó wà ní ipò kan náà jọ fún àkókò díẹ̀ lójúmọ́, láìwo kíláàsì wọn. Abhijit Banerjee àti Esther Duflo, tí wọ́n wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel lórí ètò ọrọ̀-ajé ní ọdún 2019, wà lára àwọn tí ó ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ náà. A kọ irú bébà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá wa ní Crusher, a sì ní kí ó ṣe ti ìṣirò náà: kíka òǹkà, àròpọ̀, àyọkúrò, ìsọdipúpọ̀, pípín, àti ìdá. A ní kí ó pe ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí àwọn yòókù wà níta.

Ohun tí ó rí yà á lẹ́nu. Àkọ́bí ń ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìpínrọ̀ ń dà á láàmú. Síbẹ̀ nínú ìṣirò, kò sí èyí tí kò ṣe, àní nínú ìwé JSS 2 pàápàá. Ọmọ kan ṣoṣo, kíláàsì méjì! Èkejì ń kàwé ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ìdá kò yé e rárá, nítorí pé táàmù tí wọ́n kọ́ ọ ní Ìbàdàn ni ó bá wọn lójú ọ̀nà Mìnnà, nígbà tí ó sì dé Mìnnà, wọ́n ti kọjá ibẹ̀. Ẹ̀kẹta ń ka ìwé kíláàsì karùn-ún, ṣùgbọ́n ìkọ̀wé rẹ̀ kò ṣeé wò. Àbíkẹ́yìn kò nílò ìwé kankan ju òkúta wẹ́wẹ́ àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtàn lọ. A kò fẹ́ràn kí a máa fi ìwé ni ọmọ ọdún 5 lára, a sì mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kò ní gbà fún wa.

Lẹ́yìn èyí ni a tó lè sọ̀rọ̀ ìwé rírà. Ohun méjì péré ni ó yẹ kí a wọn fún ọmọ kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ó ti rí, ìwé kíkà àti ìṣirò, nítorí pé àkàbà ni àwọn méjèèjì: ẹni tí kò tíì gun ẹsẹ̀ kẹta kò lè gun ẹ̀karùn-ún. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ìwé kíkà àti ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún ìṣirò fún àwọn mẹ́ta àgbà, wákàtí mẹ́ta ni. Ìdajì wákàtí fún àbíkẹ́yìn. Ìyókù, kí gbogbo wọn jọ kọ́ ọ. Ìyá yìí kó wọn lọ sí Òkè Patti, níbi tí a ti ń rí i bí Odò Ọya àti odò Benue ṣe pàdé. Nígbà tí wọ́n délé, àbíkẹ́yìn ya odò méjì tí ó di ọ̀kan. Ẹ̀kẹta kọ orúkọ àwọn ìlú tí ó wà létí odò. Èkejì kọ ìtàn bí wọ́n ṣe fa àsíá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́jà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900. Àkọ́bí fi rúlà wọn Odò Ọya lórí àwòrán ilẹ̀, ó ṣírò rẹ̀, ó sì fi wé 4,180 kìlómítà tí ó wà nínú ìwé. Ẹ̀kọ́ kan ni, ìwé kan ni ó sì ná wọn.

Ìtìjú àkọ́bí ni ó gba ọgbọ́n jù. Bí ìyá bá kó òun àti àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 8 sídìí ìwé kan náà, ó ti ba ọmọ náà jẹ́. A ní kí àkókò ìwé kíkà rẹ̀ jẹ́ nígbà tí àwọn yòókù bá wà níta. A ní kí ó má ṣe fún un ní ìwé ehoro àti ọ̀bọ, bí kò ṣe ìròyìn bọ́ọ̀lù kúkúrú tí ìyá fúnra rẹ̀ tún kọ ní ọ̀rọ̀ tí ó rọrùn. Ìwé ehoro ń bọ̀ lálẹ́: òun ni yóò máa kà á fún àbíkẹ́yìn kí ó tó sùn. Ta ni yóò fi ẹ̀gbọ́n tí ń ka ìtàn fún àbúrò ṣe yẹ̀yẹ́?

A sì ní kí ìyá sọ ìtàn Àjàyí Crowther fún un. Ọdún 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Ọ̀ṣoògùn. Ní 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀, wọ́n sì mú un dé Sàró. Ó ti ń di géńdé kí ó tó rí A B D rí láyé, ibi tí ọmọdé ti ń bẹ̀rẹ̀ náà ni òun sì ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1841 ó bá ọkọ̀ gòkè Odò Ọya dé ìpàdé odò, níbi tí ọmọ wa fi rúlà wọ̀n yẹn. Ní 1864 ó di bíṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Ẹ kì í fi ìwé Aláwìíyé kẹrin lé ọmọ ọdún 15 lọ́wọ́ nítorí pé ó ga. Àti pé ìwé “Grade 5” tí ẹ rà láti Amẹ́ríkà kò fi dandan bá kíláàsì karùn-ún wa dọ́gba. Ẹ kọ́kọ́ fi ojú ewé méjì wò ó lára ọmọ kí ẹ tó sanwó gbogbo páálí.

A kò sọ pé kí ọmọ máa jókòó sísàlẹ̀. Òfin UBE ti 2004 béèrè ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́sàn-án lọ́wọ́ òbí fún ọmọ rẹ̀, òbí tí ó bá kọ̀ yóò gba ìkìlọ̀, lẹ́yìn náà owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n. Nítorí náà a ní kí wọ́n lọ bá ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ sọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìdánwò ìparí girama kékeré ń bọ̀, WAEC ń bọ̀, kò sì sí èyí tí yóò béèrè bí a ṣe kàwé nílé.

Ọkọ ni ó kù tí ọkàn rẹ̀ kò tíì balẹ̀. Ó ní kí ni àwọn yóò wí fún màmá òun ní Kérésìmesì, bí ó bá rí ìwé kíláàsì kẹta lọ́wọ́ àkọ́bí ọmọ òun? Ìyá kò bá a jiyàn. Ó ya kàlẹ́ńdà ọdún tí ó kọjá, ó fi bo gbogbo ìwé inú ilé, ti àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì kọ orúkọ ọmọ nìkan sí ẹ̀yìn wọn. Inú rírun ti lọ. Nínú lẹ́tà rẹ̀ tí ó dé lọ́jọ́ Ẹtì, ó ní àkọ́bí ka ìpínrọ̀ mẹ́rin fún bàbá rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, ó kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀méje, ṣùgbọ́n kò há a sórí. Ó ń béèrè bóyá kí ó padà sí ilé-ìwé ní oṣù kẹsàn-án, àti sí kíláàsì wo. A ti kọ̀wé sí ọkọ rẹ̀ pé kí ó jẹ́ kí a jọ jókòó, kí àkọ́bí náà sì wà níbẹ̀.