Àdó Olóró Abẹ́ Ilẹ̀ Kò Lè Ṣe Ọlọ́dẹ Ààlà Wa

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ìpolongo sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́)



Ní ọdún 2025, ìjọba Finland, Poland, Estonia, Latvia àti Lithuania kéde pé àwọn yóò kúrò nínú àdéhùn Ottawa ti ọdún 1997, èyí tí ó ka rírì àdó olóró mọ́lẹ̀ de ènìyàn léèwọ̀. Ẹ̀rù Rọ́ṣíà ni ó ń bà wọ́n. Àwọn kan sì ń bi wá pé, ‘Èé ṣe tí àwa náà kò fi ri í sí ààlà wa? Ọlọ́dẹ tí kì í sùn, tí kì í gba owó oṣù ni.’

A kò fi ojú tín-ín-rín ìbẹ̀rù wọn. Ṣùgbọ́n ọlọ́dẹ a máa béèrè pé, ‘Ta nì yẹn?’ Àdó olóró kì í béèrè. Yorùbá ni Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tí wọ́n wà ní ilẹ̀ Benin. Ẹsẹ̀ àgbẹ̀ àti alájàpá ni ó ń tẹ ààlà náà ju ẹsẹ̀ ọ̀tá lọ. Àwọn àgbà ní, ẹ̀bìtì tí kò pa eku, kí ó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Àdó olóró kì í dá nǹkan kan padà. Bí ogun tilẹ̀ parí, yóò dúró de ọmọ ẹni tí ó rì í.

Ojú wa ti rí i. Ogun abẹ́lé parí ní 1970. Ọdún 2011 ni ìjọba tó kéde pé a ti hú èyí tí ogun náà fi sílẹ̀ tán. Síbẹ̀, ní 2017, Ilé Ẹjọ́ ECOWAS pàṣẹ kí Nàìjíríà san bílíọ̀nù 88 náírà nítorí àwọn tí ó ṣe ní jàǹbá àti nítorí ìyókù tí ó wà nínú ilẹ̀. Nígbà náà, Boko Haram ti ri tiwọn sí Borno, ẹ̀rù sì ń ba àgbẹ̀ láti wọ oko bàbá rẹ̀.

Kíá ni a ń rì í. Ẹni tí yóò hú u ni yóò kúnlẹ̀, tí yóò máa fi irin wá a díẹ̀díẹ̀. Ní Mozambique, wọ́n lo irú òkété kan tí a kọ́ ní Tanzania láti gbóòórùn ẹ̀tù inú rẹ̀, nítorí òkété fúyẹ́, kò lè tẹ̀ ẹ́ bú. Ọdún 2015 ni wọ́n tó parí iṣẹ́ náà, ọdún 23 lẹ́yìn ogun wọn.

Nítorí náà, ohun tí a gbé ka iwájú yín nìyí: kí Nàìjíríà, tí ó wọ àdéhùn Ottawa ní 2001, má ṣe jáde, kí ìjọba náwó sí iṣẹ́ híhú àdó olóró ní Borno, kí a sì fi ènìyàn tí ó ní ojú àti etí ṣọ́ ààlà wa. Ilẹ̀ tí onílẹ̀ kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀, a kò tíì gbà á lọ́wọ́ ọ̀tá. Ẹni tí ó bá gbà pẹ̀lú wa, kí ó sọ ọ́ fún aṣojú rẹ̀ ní Àbújá.